Mother Jones: Ìyá arúgbó tó kó àwọn ọmọdé jáde kí ayé lè rí ọwọ́ wọn

Tó bá ti di ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún lọ́dọọdún, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn òṣìṣẹ́ á wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á yan kọjá níwájú gómìnà. Àwọn olórí ẹgbẹ́ á ka ohun tí wọ́n ń fẹ́, ìjọba náà á sì ṣèlérí tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lọ síbẹ̀ á fi ọjọ́ náà sinmi nílé. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti bèèrè rí pé níbo ni ìsinmi yìí ti wá?

Ìlú Chicago lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀. Lọ́jọ́ 1, oṣù Karùn-ún, ọdún 1886, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní wákàtí 8 péré làwọn fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹnì kan ju bọ́ǹbù sáàárín àwọn ọlọ́pàá níbi ìpàdé kan, ẹ̀mí sì ṣòfò. Títí dòní, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni báyìí ló jù ú. Síbẹ̀, wọ́n yẹgi fún mẹ́rin nínú àwọn tó ń jà fún òṣìṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó di ọdún 1889, àwọn ẹgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi pàdé ní ìlú Paris, wọ́n sì yan ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún láti máa fi rántí ìjà náà.

Obìnrin aránṣọ kan wà tó ti gbé ìlú Chicago yìí. Ọjọ́ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn débi pé ó sọ ọ́ di ọjọ́ ìbí ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ náà ni wọ́n bí i. Mother Jones ni gbogbo Amẹ́ríkà ń pè é, ìyẹn ni pé Ìyá Jones. Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí.

Àdánù lórí àdánù

Mary Harris ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìlú Cork ní ilẹ̀ Ireland ni wọ́n bí i sí. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ọdún 1830 ni wọ́n bí òun, ṣùgbọ́n ìwé ṣọ́ọ̀ṣì fi hàn pé ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, ọdún 1837 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un nígbà tó wà ní ìkókó. Ó bu nǹkan bí ọdún méje lé ọjọ́ orí ara rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Lọ́dún 1845, nígbà tí Mary ṣì kéré, àrùn kan wọ oko pòtétò ní Ireland. Pòtétò ni tálákà ibẹ̀ ń jẹ láàárọ̀, òun ni wọ́n ń jẹ lálẹ́, bí a ṣe ń jẹ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo níhìn-ín. Bó ṣe ń jẹrà nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ebi ń pa àwọn ènìyàn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ebi àti àìsàn pa, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan mìíràn sì sá kúrò nílùú. Bàbá Mary wà lára àwọn tó wọkọ̀ ojú omi sọdá òkun. Ó rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ojú irin rélùwéè, ó sì ránṣẹ́ pe ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ìlú Toronto ní Kánádà ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni Mary ti kàwé, tó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tó sì mọ aṣọ rán.

Nígbà tó dàgbà, ó wọ Amẹ́ríkà lọ, ó ṣe olùkọ́ díẹ̀, ó ránṣọ díẹ̀, títí tó fi gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Memphis, ìpínlẹ̀ Tennessee. Ọdún 1861 ló fẹ́ George Jones níbẹ̀. Iṣẹ́ ká yọ́ irin ká sì dà á ni George ń ṣe, ògbólógbòó ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ni. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Lọ́dún 1867, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ jà ní Memphis. Àwọn olówó palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Àwọn tálákà ò ríbi lọ. Àìsàn náà mú ọmọ kan lọ nílé Mary, ó mú èkejì, ó mú ẹ̀kẹta, ó mú ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn náà ló mú bàbá wọn. Kò sí aládùúgbò tó lè wá bá a sunkún, torí pé òkú wà nílé tiwọn náà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ wà ló bá a sin ín. Obìnrin tí ọmọ mẹ́rin ń pè ní ìyá wá di ẹni tí kò sẹ́nì kankan tó máa pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ló ṣe? Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ó sì ń lọ tọ́jú àwọn aláìsàn mìíràn títí àìsàn náà fi lọ sílẹ̀ nílùú.

Ó padà sí Chicago, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Àwọn olówó ìlú ló ń ránṣọ fún. Á jókòó ti fèrèsé ilé ńlá, á máa rán aṣọ olówó iyebíye, á sì máa wo àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn kiri létí adágún nínú òtútù, tí ebi ń pa wọ́n. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé àwọn tó ń ránṣọ fún ò tiẹ̀ ṣe bí ẹni pé wọ́n ń rí àwọn tó wà níta yẹn.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ọdún 1871, iná ńlá jó Chicago. Ó sọ nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn di aláìnílé. Ṣọ́ọ̀bù Mary àti gbogbo ohun tó ní jóná mọ́ ọn. Òun àtàwọn mìíràn lọ sá sí ṣọ́ọ̀ṣì kan. Nítòsí ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn kan wà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ Knights of Labor ti máa ń ṣèpàdé. Á jókòó síbẹ̀ lálẹ́, á máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bó ṣe di ará wọn nìyẹn. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ìrànṣọ ń lọ sẹ́yìn, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ń bọ̀ níwájú.

Ilé iṣẹ́ tó ni ilé, tó ni ọjà, tó ni ọlọ́pàá

Ká tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ ká mọ irú ayé tó wà nígbà yẹn. Amẹ́ríkà ń kọ́ ilé iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ ń hun aṣọ, ẹ̀rọ ń rọ irin, ọkọ̀ ojú irin ń gbé ẹrù láti ìlú dé ìlú, èédú sì ni gbogbo wọn ń jẹ bí oúnjẹ. Èédú yìí, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bá a lọ. Ilẹ̀ lè ya lulẹ̀ lé wọn lórí, afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ sì lè gbaná lójijì.

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa èédú, ilé iṣẹ́ ló ni ilé tí òṣìṣẹ́ ń gbé. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tí òṣìṣẹ́ ti ń ra ìyẹ̀fun àti iyọ̀. Nígbà míì, kì í tilẹ̀ ṣe owó gidi ni wọ́n ń san. Owó tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀ ni, tí kò sì ṣeé ná níbòmíràn àfi ní ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́, níbi tí gbogbo nǹkan ti wọ́n ju tìgboro lọ. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, owó tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún san ni wọ́n ń fi ọwọ́ òsì gbà padà. Tí òṣìṣẹ́ bá ní òun á yanṣẹ́lódì, wọ́n á ju ẹrù òun àti ìyàwó àtọmọ rẹ̀ síta lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ nínú òjò dídì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ilé iṣẹ́ háyà, tí wọ́n gbé ìbọn lọ́wọ́, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, àwọn ọmọkùnrin tí kò ju ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́wàá lọ máa ń jókòó lórí pákó, èédú á máa ṣàn kọjá láàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á máa fi ọwọ́ lásán ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Ìka á máa ṣẹ̀jẹ̀, eruku èédú á máa wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nílé iṣẹ́ aláṣọ, àwọn ọmọdé ló ń so òwú tó bá já lórí ẹ̀rọ tó ń sáré, torí pé ọwọ́ wọn kéré, ó sì lè wọ ibi tí ọwọ́ àgbà ò lè wọ̀. Agbanisíṣẹ́ fẹ́ràn ọmọdé: owó wọn ò pọ̀, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jiyàn.

Inú ayé yìí ni Mary Jones kó wọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn awakùsà, United Mine Workers, gbà á síṣẹ́ pé kó máa lọ láti ibùdó èédú kan sí òmíràn, kó máa pe àwọn òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́. Kò nílé mọ́. Nígbà tí àwọn aṣòfin bi í léèrè ibi tó ń gbé, ó dá wọn lóhùn pé bí bàtà òun ló rí, ibi tí òun bá lọ ló ń bá òun lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1900 pé ni àwọn awakùsà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Mother. Ó tẹ́wọ́ gba orúkọ yẹn. Ó ń wọ aṣọ dúdú gígùn ayé àtijọ́, ó ń dé fìlà onílẹ́ẹ̀sì, irun rẹ̀ funfun báláú. Ibí yìí la ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tó bù kún. Mary Jones mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ tó lè fi ìdí ìbọn gbá ọ̀dọ́kùnrin á ṣiyèméjì kó tó gbá ìyá arúgbó. Ó tún mọ̀ pé ọkùnrin tí kò ní gbọ́ràn sí olóṣèlú lẹ́nu á dákẹ́ tí ìyá bá ń bá a wí. Nígbà yẹn, obìnrin kì í dìde sọ̀rọ̀ láàárín ọjà, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ pé kí ìyá àgbà dákẹ́? Nítorí náà, bó ṣe ń dàgbà sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń fi kún un. Ẹnu rẹ̀ ò sì dùn bí ti ìyá inú ṣọ́ọ̀ṣì o. Ó ń ṣépè, ó ń bú ọ̀gá ilé iṣẹ́, ó sì ń bú àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn tí wọ́n bá ń ṣojo.

Lọ́dún 1899, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí Arnot ní Pennsylvania. Ìyanṣẹ́lódì ti pẹ́ níbẹ̀, ó ti ń rẹ àwọn ọkùnrin, ilé iṣẹ́ sì fẹ́ kó àwọn mìíràn wá rọ́pò wọn. Mother Jones ní kí àwọn ọkùnrin jókòó sílé tọ́jú ọmọ. Àwọn ìyàwó wọn ló kó jáde, pẹ̀lú ìgbálẹ̀, igi ìnulẹ̀, garawa àti ìkòkò irin. Wọ́n gun òkè lọ sí ẹnu kùsà, wọ́n ń lu ìkòkò gbàgà-gbàgà. Ẹ̀rù ba àwọn ìbaaka tó ń fa èédú, wọ́n ta kìjí, wọ́n sáré lọ. Àwọn tí wọ́n kó wá rọ́pò náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin ló ń ṣọ́ ẹnu kùsà tọ̀sán-tòru nínú òtútù, àwọn mìíràn gbé ọmọ dání. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900, ilé iṣẹ́ gbà fún wọn.

Lọ́dún 1902, ó ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní West Virginia. Kóòtù kà á léèwọ̀ fún un láti sọ̀rọ̀ fáwọn awakùsà, ó sọ ọ́, wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba nawọ́ sí i, ó ní obìnrin tó léwu jù lọ l'Amẹ́ríkà nìyí, torí pé tó bá ti fi ìka pè wọ́n báyìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin á da iṣẹ́ sílẹ̀. Adájọ́ ò rán an lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ó gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ máa ṣe iṣẹ́ àánú bí àwọn obìnrin yòókù. Mother Jones jáde ní kóòtù, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ìrìn àwọn ọmọdé

Ohun tó ṣe lọ́dún 1903 ló jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀ jù. Ní àdúgbò Kensington nílùú Philadelphia, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 75 òṣìṣẹ́ aláṣọ ló yanṣẹ́lódì. Wákàtí 60 ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n dín in kù sí 55. Mother Jones sọ pé ó kéré tán, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nínú wọn ló jẹ́ ọmọdé.

Nígbà tó dé ibẹ̀, àwọn ọmọ náà ń wá bá a níbi tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé. Ọmọ tí kò ní àtàǹpàkò wà níbẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rọ ti gé ìka rẹ̀ méjì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn mìíràn ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. Òfin wà ní ìpínlẹ̀ náà pé ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí báyìí ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn òbí ló ń búra èké pé ọmọ àwọn ti dàgbà. Mother Jones ò bú àwọn ìyá náà. Ó bi wọ́n léèrè, wọ́n sì sọ fún un pé kùsà ti pa ọkọ àwọn, tàbí kó sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara. Kí ọmọ lọ ṣiṣẹ́ tàbí kí ebi pa gbogbo ilé, èwo ni kí wọ́n mú?

Ó lọ bá àwọn oníwèé ìròyìn, ó ní kí ló dé tí wọn ò kọ ọ̀rọ̀ yìí síta. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn tó ni ilé iṣẹ́ aláṣọ ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ ìròyìn àwọn. Ó ní kò burú, òun náà ní ìpín tòun nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, òun á sì wá bí òun á ṣe polówó wọn.

Ó kó àwọn ọmọ náà lọ síwájú gbọ̀ngàn ìlú Philadelphia. Ó gbé wọn sórí pèpéle níkọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n na ọwọ́ wọn tó ti ya sókè kí gbogbo èrò rí i. Ó sọ fún àwọn ènìyàn pé orí egungun àwọn ọmọ yìí ni wọ́n kọ́ àwọn ilé ńláńlá inú ìlú náà lé. Àwọn aláṣẹ ń wò láti ojú fèrèsé wọn lókè. Inú àwọn ìwé ìròyìn ò lè pa á mọ́ mọ́.

Ìyẹn ò tíì tó o. Lọ́jọ́ 7, oṣù Keje, ó kó àwọn ọmọdé àti àgbà díẹ̀ jáde láti Kensington, ó ní wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ bá Ààrẹ Theodore Roosevelt nílé ìsinmi rẹ̀ ní Oyster Bay, lẹ́yìn New York. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé àpò kékeré kọ́rùn: ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì, ife páànù àti àwo. Wọ́n gbé ìkòkò ńlá kan dání tí wọ́n á fi máa dáná lọ́nà. Àwọn kan ń lu ìlù, àwọn kan ń fun fèrè, àwọn mìíràn gbé pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé ìwé làwọn fẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ojú ọ̀nà ń gbé oúnjẹ wá pàdé wọn, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń jẹ́ kí wọ́n wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Oòrùn mú gan-an, àwọn ọmọ kan ò lè rìn mọ́, wọ́n dá wọn padà sílé.

Ní Princeton, níbi tí yunifásítì ńlá wà, Mother Jones ní òun fẹ́ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ó mú ọmọ ọdún mẹ́wàá kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ẹrù òwú tó ń gbé nílé iṣẹ́, ó ní kí wọ́n wo ìwé tí ọmọ náà ń kà. Nígbà tí wọ́n dé Coney Island ní New York, níbi tí àwọn èrò ti máa ń wá wòran ẹranko, ó kó àwọn ọmọ sínú àgò tí wọ́n ń kó ẹranko sí, wọ́n di irin mú, ó sì dúró síwájú, ó ń sọ fún àwọn èrò pé báyìí ni àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe ń wo àwọn ọmọ yìí.

Ṣé Ààrẹ wá rí wọn? Rárá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nílé, Mother Jones àti àwọn ọmọ díẹ̀ dé Oyster Bay, wọ́n sì dá wọn padà. Nígbà tó kọ̀wé sí Ààrẹ, akọ̀wé rẹ̀ ló fèsì pé ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ò lágbára lórí rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì Kensington náà fọ́. Àwọn ọmọ padà sídìí ẹ̀rọ.

Tí ìtàn bá parí síbí, a máa sọ pé ìyà tí wọ́n jẹ lójú ọ̀nà já sí asán. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ti rí, ojú ò lè sọ pé òun ò rí i mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, gbogbo ilé tó ń ka ìwé ìròyìn ní apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ló ti mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ń pàdánù ìka kí aṣọ lè dé ọjà. Lọ́dún 1905, ìpínlẹ̀ Pennsylvania mú òfin iṣẹ́ ọmọdé le sí i.

Kóòtù ológun àti iná Ludlow

Àwọn tó rò pé ọjọ́ ogbó á mú un jókòó ṣàṣìṣe. Lọ́dún 1912, ó tún padà sí West Virginia, níbi tí àwọn awakùsà ń bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ jà. Gómìnà kó ṣọ́jà wọ àgbègbè náà. Nígbà tó di ọdún 1913, wọ́n mú Mother Jones, wọ́n sì gbé e lọ síwájú kóòtù ológun lórí ẹ̀sùn pé ó lọ́wọ́ nínú ètò ìpànìyàn. Ó ní òun ò mọ irú kóòtù bẹ́ẹ̀ rí fún ará ìlú, òun ò sì ní rojọ́ níwájú rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, òtútù àyà sì mú un níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Washington, ariwo sọ, gómìnà tuntun sì tú u sílẹ̀.

Ó tún forí lé Colorado, níbi tí ilé iṣẹ́ èédú tó jẹ́ ti ìdílé Rockefeller wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti yanṣẹ́lódì níbẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1913. Wọ́n lé wọn kúrò nílé, wọ́n sì ń gbé inú àgọ́ ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Ludlow. Bí Mother Jones bá wọ ìlú, wọ́n á lé e jáde. Tó bá padà, wọ́n á tì í mọ́lé. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí eku kún inú rẹ̀ ni wọ́n tì í mọ́ nígbà kan.

Lọ́jọ́ 20, oṣù Kẹrin, ọdún 1914, àwọn ṣọ́jà ìpínlẹ̀ yìnbọn sí àgọ́ Ludlow, wọ́n sì tiná bọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ti gbẹ́ kòtò sábẹ́ àgọ́ kan kí ọta má bàa bà wọ́n. Nínú kòtò yẹn, ọmọdé mọ́kànlá àti obìnrin méjì ni èéfín pa. Mother Jones ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ wọn káàkiri. Gbogbo Amẹ́ríkà ló ń bi ọ̀dọ́mọkùnrin Rockefeller, John D. Rockefeller Kejì, léèrè ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1915, òun àti Mother Jones pàdé ní New York. Ó bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, Rockefeller sì lọ wo ibùdó èédú náà fúnra rẹ̀ lọ́dún yẹn. Àmọ́ nígbà tó gbé ẹgbẹ́ tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ kalẹ̀ dípò ẹgbẹ́ tí òṣìṣẹ́ yàn, Mother Jones ò gbà. 

Kì í ṣe pé kò lálèébù o

A ò ní sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé áńgẹ́lì ni. Nígbà tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ń jà kí wọ́n lè dìbò, kò bá wọn lọ. Ó gbà pé tí wọ́n bá san owó tó tọ́ fún ọkùnrin, obìnrin á lè jókòó tọ́mọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń tẹ̀lé e ò fara mọ́ ọn lórí èyí, ó sì yani lẹ́nu lẹ́nu ẹni tí kò fi ọjọ́ kan jókòó sílé.

Lọ́dún 1921 náà, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakùsà gbé ìbọn ní West Virginia tí wọ́n fẹ́ yan lọ gbéjà ko àwọn aláṣẹ, ẹ̀rù bà á pé wọ́n ń lọ kú. Ó mú ìwé kan jáde, ó ní tẹlifóònù-alọ́rọ̀, ìyẹn tẹlígíráàmù, látọ̀dọ̀ Ààrẹ Harding ni, pé kí wọ́n padà sílé, Ààrẹ á gbọ́ tiwọn. Wọ́n wádìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti ń pè é ní ìyá fún ọdún pípẹ́ bínú sí i. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ìyá tí kò fẹ́ sin ọmọ mọ́ ni. Àwọn awakùsà náà lọ, wọ́n jà, ẹ̀mí sì lọ sí i.

Ibi tó ní kí wọ́n sin òun sí

Lọ́jọ́ 1, oṣù Karùn-ún, ọdún 1930, wọ́n ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún fún un ní Maryland, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé 93. Àwọn tó ń ya fíìmù ìròyìn wá, ó sì fìbínú sọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ náà bí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Rockefeller gan-an fi ìwé ìkíni ránṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó dákẹ́.

Kò sin ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ olóṣèlú kankan. Ó ti sọ ọ́ tipẹ́ pé Mount Olive, ìpínlẹ̀ Illinois, ni kí wọ́n gbé òun lọ, sínú itẹ́ òkú àwọn awakùsà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n yìnbọn pa nínú ìjà Virden lọ́dún 1898. Ó pè wọ́n ní ọmọ òun. Lọ́dún 1936, nígbà tí wọ́n ṣí ọwọ̀n ìrántí sórí ibojì rẹ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 ènìyàn ló wá. Obìnrin tí ibà kò fi ọmọ kan sílẹ̀ fún ní Memphis ni o.

Òfin tó wá lọ béèrè lọ́wọ́ Roosevelt ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ṣe ọ̀kan lọ́dún 1916, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fagi lé e lọ́dún 1918. Ọdún 1938 ni òfin tó dúró tó dé, èyí tó ní ọmọ tí kò tó ọdún 16 ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tó sì fi òté lé iye wákàtí iṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ọdún 35 lẹ́yìn ìrìn Kensington nìyẹn, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Franklin Roosevelt, ìbátan ààrẹ tí kò jáde wá rí àwọn ọmọ yẹn, ló fọwọ́ sí i.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 2003 ni Nàìjíríà ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ìrìn náà. Òfin wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n òfin wà nínú ìwé ní Pennsylvania náà, lọ́jọ́ tí Mother Jones rí ọmọ tí kò ní àtàǹpàkò. Àwọn bàbá wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Jones wà lọ́jà, ó rí i, ó sì pariwo títí gbogbo ọjà fi yíjú wò. Nígbà tí ẹ bá tún kọjá níbi tí ọmọ kékeré ti ń ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lágogo mẹ́wàá àárọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nílé ìwé, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa.